Ọkọ̀ Tó Ń Wa Ara Rẹ̀ àti Èmi Awakọ̀ Màmá

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ mi dé, èmi gan-an ni mo ṣí géètì fún un. Mo tún fọ̀ ọ́. Eruku ọ̀nà Èkó bò ó láti orí dé táyà, ọ̀gá mi sì ní kò bójú mu kí àlejò dé kó má wẹ̀.

Màmá ni mò ń wa ọkọ̀ fún ní Òkè-Ìlá, ní ìlú Adó, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ọ̀gá Fẹ́mi ni àkọ́bí wọn, òkè òkun ló ń gbé, òun ló sì ń san owó oṣù mi. Ó wálé fún ìsinmi, ó sì ra ọkọ̀ tuntun fún ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Sọ́ńdè," ó ní, "ọkọ̀ yìí ń wa ara rẹ̀. Ó ń di sítíárìn mú, ó ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kí n tó padà, màá dán an wò. Tó bá ti ṣe déédéé, ẹ̀yin náà á lè lọ sinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè jókòó níwájú ti tó Màmá."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà kò mọ̀. Ó rò pé bàbá òun ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ ọ̀wọ̀ ni ọ̀gá mi fi ń lé mi. "Ẹ̀yin" ló ń pè mí títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Màmá jáde wá, wọ́n fi ọ̀pá wọn kan táyà.

"O ní ó ń ríran. Níbo lojú rẹ̀ wà?"

Ọ̀gá Fẹ́mi fi ìdùnnú tọ́ka sí òkè gíláàsì iwájú, lẹ́yìn dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Kámẹ́rà kékeré kan wà níbẹ̀. "Ojú kan ṣoṣo ni, Màmá, ṣùgbọ́n ó ríran ju ti awakọ̀ lọ."

Èmi awakọ̀ dúró níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ó mà kéré o," ni wọ́n sọ.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọkọ̀ náà. Ní ọ̀nà tó dán, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun pín, ó ń lọ geerege. Ọ̀gá Fẹ́mi á gbé ọwọ́ sókè, kámẹ́rà á máa wo ìlà, sítíárìn á sì máa yí fúnra rẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìwé? Ìṣòro kékeré kan péré ló wà níbẹ̀: Adó ni wọ́n gbé e wá.

Gbogbo awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ ní ìlú wa ló mọ ihò ojú ọ̀nà tirẹ̀, ibi tó yẹ kó ti yà àti ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gbà. Ọjọ́ kìíní tí mo wa ọkọ̀ náà, mo yà fún ihò kan, sítíárìn fà mí padà sójú ìlà. Mo tún yà, ó tún fà mí. A bọ́ sínú ihò náà gbàgà, ní títọ́, láàárín ìlà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìrìnnà ti wí.

A dé àdúgbò Adébáyọ̀, ọlọ́kadà kan já wọ iwájú wa, bí wọ́n ti máa ń ṣe láràárọ̀. Tó bá jẹ́ èmi, màá kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, màá fi fèrè bá a wí. Ọkọ̀ náà gbá bíréèkì mọ́lẹ̀, gèlè Màmá sì fò bọ́ síwájú. Onítakisí tó wà lẹ́yìn wa bọ́ sílẹ̀ wá bá mi.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Èmi kọ́ ni mo rí i," mo dáhùn. "Ọkọ̀ ló rí i."

Ó wò mí títí, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi mọ̀ wá. Wọ́n á rí wa lókèèrè, wọ́n á fẹ̀ sójú ọ̀nà bí ọmọ ọba. Ewúrẹ́ Òkè-Ìlá gan-an kò sáré fún wa mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló gbé wa lọ sí Máàsì. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹrù. Màmá kì í dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àgátà, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, tí orúnkún ń dà láàmú, máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé wọn, wọ́n á na agbòjò sókè. Èmi á dúró, màá bọ́ sílẹ̀, màá bá wọn gbé ẹsẹ̀ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà wà nínú iṣẹ́ awakọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Agbòjò nà sókè. Ọ̀gá Fẹ́mi gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń ṣàlàyé ọgbọ́n ọkọ̀ náà fún wa. A kọjá fìrì.

"Fẹ́mi! Ìyá Àgátà nìyẹn!"

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n wà. Ọkọ̀ yìí kì í dúró fún ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀."

Nígbà tí a fi ríbi yí padà, Ìyá Àgátà ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀. Mo gbé wọn wọnú ọkọ̀. Inú bí mi débi pé mi ò rí àdúrà kankan gbà nínú Máàsì yẹn.

Lẹ́yìn Máàsì, Fada wọ́n omi mímọ́ sára ọkọ̀ tuntun náà. Àwọn ìyá ìjọ ń ta sítíkà Kristófà Mímọ́, olùṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò, èyí tí gbogbo ọkọ̀ ìjọ wa máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Màmá ra èyí tó fẹ̀ jù. Ọ̀gá Fẹ́mi ń kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá ní kí n di àwọn mú, wọ́n na ọwọ́ láti ìta, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sókè láàárín, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo rí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí. Ṣé èmi ni màá wá kọ́ àgbà níbi tí ẹni mímọ́ máa dúró sí?

Láti ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ náà ti ń kọ ọ́ síwájú awakọ̀ pé òun kò ríran. Kò di sítíárìn mú mọ́, kò tẹ bíréèkì fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Fẹ́mi tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ó pe ẹni tó tà á fún un ní Èkó, ìyẹn ní eruku ni. Ó bu omi, ó nu gíláàsì náà láràárọ̀, ó sì ń nu yíká ẹni mímọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó padà sí òkè òkun, aṣọ ìnugíláàsì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, sítíkà yìí ló bo ojú ọkọ̀."

"Mo mọ̀," Màmá dáhùn láti orí àga wọn.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ṣebí ìwọ lo fojú rẹ̀ hàn mí. Fẹ́mi, ọkọ̀ rẹ dúró fún ewúrẹ́, ó kọjá lára Ìyá Àgátà. Ujọ́ tí orúnkún tèmi náà bá kọ uṣẹ́, tí mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á kọjá lára mi. Jẹ́ kí Sọ́ńdè máa gbé mi lọ ulé Ọlọ́run."

Ọ̀gá Fẹ́mi fi aṣọ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá bá mi, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́, kò sì sọ nípa ìsinmi mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àyà mi kan ilẹ̀.

Títí di òní, tí mo bá ti tan ọkọ̀ náà, ó ṣì ń kọ ọ́ síwájú mi pé òun kò ríran. Mo máa ń sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Máa sinmi, ó ti rẹ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà ni màá gbé Màmá jáde, màá yà fún àwọn ihò mi, títí agbòjò kan á fi nà sókè lẹ́bàá ọ̀nà. Màá sì dúró.