Ife Tí Alàájì Yẹ̀kínì Fi Ń Wọn Ẹ̀gúsí

Láti ìgbà tí Alàájì Yẹ̀kínì ti jogún ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní Kuje-Amuwo, ife kan ṣoṣo ló fi ń wọn ẹ̀gúsí. Ife onírin ni, ó wúwo, etí rẹ̀ kan ti já, ó sì ti dúdú. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé inú rẹ̀ jìn.

Débọ́lá, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Festac, ni kò fẹ́ràn dúdú rẹ̀. Ó ní ọbẹ̀ àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì lòun fẹ́ sè, ẹ̀gúsí rẹ̀ kò sì yẹ kó gba inú irú ife bẹ́ẹ̀ kọjá. Alàájì rẹ́rìn-ín, ó wá eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Bó ṣe ń bó o ni ẹṣin kan ń yọ lára rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀, agẹṣin tẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Alàájì gbé ife náà sókè wò. Dáúdà, bàbá rẹ̀ tó ti kú, máa ń sọ pé òun ló ṣe ipò kìíní nínú eré-ìje ẹṣin tó lókìkí jù ní Èkó, ní pápá tí àwọn ẹṣin òkúta wà lẹ́nu géètì rẹ̀ lónìí. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gan-an máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Alàájì sọ èyí fún Débọ́lá, Débọ́lá sì ka ohun tí wọ́n fín sábẹ́ ẹṣin náà. Ó ní, "Alàájì, ife eré-ìje náà ni lóòótọ́. Àmọ́ orúkọ òyìnbó kan ló wà níbí, kì í ṣe ti bàbá yín."

Ojú Alàájì rẹ̀wẹ̀sì. Báwo wá ni ife olówó ife ṣe dé ilé wọn? Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ bá Àǹtí Sìdíkátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ní Abúlé Adó. Ó béèrè ara wọn, ó béèrè àwọn ọmọ, kó tó lè bi wọ́n bóyá bàbá òun jí ife náà ni.

Àǹtí wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé pé ẹni tó ni ẹṣin ló máa ń gba ife, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń fín sí i. Owó iṣẹ́ nìkan ni ti agẹṣin. Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ padà sílé, ó ní kí Dáúdà sọ ohun tó fẹ́, Dáúdà sì mú ife.

Àǹtí ní, "Èjìká bàbá wa ni mo wà lọ́jọ́ eré-ìje náà. Ẹṣin méjì ló ṣíwájú ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yípo. Nígbà tí wọ́n dé òpin, kò sí ọ̀kan níwájú rẹ̀ mọ́."

Alàájì bi wọ́n pé kí ló dé tí irú ife bẹ́ẹ̀ fi wá di òṣùwọ̀n ẹ̀gúsí.

"Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ ọjà, kò ní òṣùwọ̀n. Dáúdà ní kó máa lò ó, pé òun ti sáré tòun tán."

Nígbà tí Débọ́lá padà wá, ife náà wà nínú ẹ̀gúsí, ẹṣin rẹ̀ kọjú síta. Alàájì sọ gbogbo rẹ̀ fún un kó tó wọ̀n.

Débọ́lá ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó kún o, Alàájì, kí ẹṣin yín má baà jẹ nínú ẹ̀gúsí mi."

Alàájì bù ú títí ó fi ga ju ẹnu ife lọ. Ó wá bu èènì lé e.

Ó ní, "Èènì yẹn, ti bàbá mi ni."