Ọwọ́ Tó Wà Lórí Tábìlì

Ọwọ́ mi wúwo. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà tí mo fọ́ abọ́ kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán, mo sì bínú sí i gidigidi. Mo dàgbà, mo kàwé, mo gbaṣẹ́, kí n tó gbà pé òótọ́ ló sọ.

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ etí àwọn ọmọ wò nílé-ìwé kan n'Ílọrin, níbi tí àwọn ọmọ adití àti àwọn ọmọ afọ́jú jọ ń gbé inú ọgbà kan. "Dókítà etí" làwọn òbí ń pè mí. Èmi kì í ṣe dókítà, mo sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Nínú yàrá tóóró tí wọ́n fún mi, tábìlì onígi kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí mo fi páálí há sábẹ́ rẹ̀. Orí tábìlì yìí ni ẹ̀rọ tí mo fi ń dán etí wò máa ń wà. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Bọ́tìnì rẹ̀ le, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ gbàgà. Ọmọ á jókòó sí òdìkejì, màá fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò ó létí, tí mo bá sì ti tẹ bọ́tìnì, ìró á dún sí i. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún wọn: "Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Tó o bá gbọ́, nawọ́ sókè."

Ọmọbìnrin kan wà ní ẹ̀ka àwọn afọ́jú, ọmọ ọdún méjìlá, tí àìsàn ti gba ojú rẹ̀ láti kékeré. Aáfà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ l'Ọ́jà Tuntun. Fún sáà mẹ́ta gbáko ni mo fi dán etí rẹ̀ wò, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ sókè kódà nígbà tí ìró náà ò ju mímí ọmọ tuntun lọ. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé etí rẹ̀ dára púpọ̀. Kò tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ṣebí gbogbo ayé ló ń sọ pé bí ojú bá lọ, etí á mú sí i? Èmi tí mo kàwé nípa etí náà ń bá wọn sọ ọ́. Tí ọmọ yìí bá ti jókòó, á gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Mo rò pé ó fi ń mọ ibi tó wà ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, olùkọ́ rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Afọ́jú lòun náà. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Àǹtí, ọmọ yìí ò gbọ́ràn mọ́. Tí mo bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí mo pè é, bí ẹni ń pe ògiri ni."

"Ọ̀gá, bóyá kò fẹ́ dá yín lóhùn ni. Èsì ìdánwò mẹ́ta rèé lọ́wọ́ mi."

"Ẹ kà á fún mi."

Mo kà á, mo tiẹ̀ ń fi fọ́nnu. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn mọ́ mi.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fi etí rìn, etí tèmi ò tó báyìí. Wálàhí, Àǹtí, kí lẹ ń dán wò gan-an?"

Inú bí mi. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde tán, ara mi ò balẹ̀. Mo gbé ọwọ́ òsì mi lé ibi tí ọmọ náà máa ń gbé tiẹ̀ lé, mo fi ọ̀tún tẹ bọ́tìnì. Tábìlì náà mì, ó ta mí lọ́wọ́. Mo tún un tẹ̀, ó tún ta mí.

Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọwọ́ lọmọ yìí fi ń ṣọ́ tiẹ̀.

Mo ránṣẹ́ pè é. Kó tó dé, mo ti gbé ẹ̀rọ náà kúrò lórí tábìlì, mo gbé e lé itan mi. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ òsì sí ààyè rẹ̀. Etí ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ dán wò, láti orí ìró kékeré. Ọwọ́ rẹ̀ ò mira. Mo fi kún un. Mo tún fi kún un, títí ó fi di ìró tí èmi fúnra mi ń gbọ́ láti ibi tí mo jókòó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Sáà mẹ́ta! Etí ọmọ ń kú lọ níwájú mi, èmi ń kọ "dára púpọ̀". Mo bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ náà lórí rẹ̀, mo súnmọ́ etí òsì rẹ̀, èyí tó máa ń kọ sí ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń tàn mí. Mo pariwo mọ́ ọn, kì í sì í ṣe torí kó lè gbọ́ nìkan. Ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, Àǹtí, ẹ fi ti Ọlọ́hun ṣe. Wọ́n á kó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn adití. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Mi ò ríran, báwo ni màá ṣe rí ọ̀rọ̀ wọn?"

Kò purọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé-ìwé wa nìyẹn: ẹni tí etí rẹ̀ bá kú, ẹ̀ka adití ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ojú àti etí lè lọ lára ẹnì kan. Ìtìjú bò mí, mo wá ṣèlérí tí mi ò láṣẹ láti ṣe. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbé ọ kúrò níbi tó o wà."

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa gbọ́ tẹnu mi tán, ó tú fáìlì náà wò. "Ẹ̀yin lẹ kọ èyí, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ ìyẹn. Èwo ni ká gbà?" Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó jàre. Ó ní kí n mú èsì tó péye wá ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá ku nǹkan ní etí òsì tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, èyí tí wọ́n ń kì sétí, lè ràn lọ́wọ́, ọmọ náà á dúró lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́, nígbà tó ṣì ń gbọ́ àlàyé. Bí kò bá ku nǹkan kan, kó máa lọ sí ẹ̀ka adití.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ náà nìkan ni mò ń rò. Mo wọ mọ́tò ní Challenge ti Ìlọrin, mo kọjá ilé mi ní Ṣàngó láì mọ̀, àfìgbà tí dírẹ́bà bi mí pé níbo gan-an ni mò ń lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ náà ti padà sórí tábìlì; ọmọ náà wọlé, ó jókòó. Kí n tó lanu, ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan ara rẹ̀.

Etí òsì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìró kékeré: kò ṣípá. Mo fi kún un: kò ṣípá. Bíró wà lọ́wọ́ mi, ìwé èsì wà níwájú mi, mo sì lè fi àmì síbi tó bá wù mí. Èṣù ń sọ ọ́ sí mi létí pé ta ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a bá fi èsì irọ́ tò, ariwo lásán ni yóò máa pa sí ọmọ létí. Mo fi kún un títí ìró náà fi le tó ohùn ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì títì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè. Mo dúró díẹ̀, mo tún un tẹ̀. Ó tún lọ sókè. Mo fi àmì síbẹ̀. Ìyẹn ti tó kó dúró lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀.

Ó wá ku etí ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mo lọ títí agbára ẹ̀rọ náà fi tán. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wá ìró náà. Tábìlì wà níwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Mo bọ́ ohun ìgbọ́rọ̀ lórí rẹ̀.

"Àǹtí, kò sí nǹkan kan lápá ọ̀tún mọ́, àbí?"

Mo fẹnu sí etí òsì rẹ̀. "Kò sí mọ́."

Ó mi orí. Mo dìde, mo yí tábìlì po lọ bá a. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé èyí tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Lọ́jọ́ náà, èyí tí kò ṣípá ni mo gbé mọ́ra.