Apá Ibi Tí Odò Yẹn Ń Ṣàn Sí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí màmá mi ti ṣáájú lọ sí New York, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ń gbé ní Èkìtì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ pọnmi lódò, ẹ ó rántí òfin rẹ̀: òkè odò la ti ń pọn omi mímu, ìsàlẹ̀ la ti ń fọṣọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀lẹ mú mi, mo lọ fọ ìdí ìkòkò lókè. Ìyá àgbà ní kí gbogbo ẹni tó ti pọnmi da tirẹ̀ nù, èmi sì kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí wọ́n fi pọn òmíràn. Oòrùn pa mí, àmọ́ ìtìjú pa mí jù ú lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ màmá mi ní Morris Heights, ní New York. Bí mo bá ti lanu ní kíláàsì, ẹ̀rín ni, mo bá kúkú panu mọ́. Tíṣà wa ránṣẹ́ pe màmá mi, ó ní bí n kò bá sọ̀rọ̀ kí tẹ́ẹ̀mù tó parí, òun á dá mi padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀. Màmá, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó tọ̀sántòru nítorí mi, sunkún nínú bọ́ọ̀sì. N kò gbàgbé ẹkún yẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kó wa lọ sí mùsíọ́mù. Tíṣà dúró níwájú àwòrán kan tí ará Faransé kan fi ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò yà láyé àtijọ́: odò, afárá, màlúù, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, àti ọ̀kan tó ń pọn omi sínú ìṣà. Omi náà dákẹ́ rọ́rọ́. Tíṣà bèèrè pé apá ibo lodò yìí ń ṣàn sí. Àwọn kan ní ọ̀tún, àwọn kan ní òsì, wọ́n kàn ń méfò ni. Èmi wo oníṣà lápá ọ̀tún, mo wo àwọn tó ń fọṣọ lápá òsì, orúnkún mi sì rántí. Mo nawọ́.

“Òsì ni,” ni mo fi òyìnbó sọ. “Ẹni tó ń pọn omi mímu kì í dúró nísàlẹ̀ àwọn tó ń fọṣọ. Ìyá àgbà mi á nà án.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bá mi rín in ni. Tíṣà sún mọ́ àwòrán náà. Lẹ́sẹ̀ afárá, ìfófó funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bá omi lọ sápá òsì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń kó ọmọ wá síbẹ̀, òun ò rí i rí. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ màmá mi láago pé mo ti sọ̀rọ̀. Màmá jó ní kíṣìnnì títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà rẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó.

Omi ẹ̀rọ ni ọmọ tèmi mọ̀ lóde òní. Kò ru garawa rí, kò kúnlẹ̀ nínú oòrùn rí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a lọ wo àwòrán náà. Kí n tó yí ojú padà, ó ti ń ṣàlàyé ibi tódò ń ṣàn sí fún bàbá kan tí a kò mọ̀ rí. Bàbá náà bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ọmọ mi, tí kò fojú kan ìyá àgbà rí, nàró ṣánṣán, ó sì dárúkọ rẹ̀ ketekete: “Àjíkẹ́ ni.”