Èèpo Orúwo Tí A Wá Dé Ìgándò

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi Adéwùmí, olùkọ́ yunifásítì, kúrò ní Akówonjo. Ó gbé kúlà oníyìnyín lé mi lọ́wọ́. Èèpo igi gbígbẹ lásán la fẹ́ lọ rà, ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kì í rìn lọ́wọ́ òfo.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó rẹ èèpo orúwo, kó da omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ fàdákà, kó sì sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pè ní “nánò”, ìyẹn ohun tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, bíi owó ìwádìí wa. Yóò wá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń sìn nínú àwo. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà kú, ó sì ya fọ́tò. Lọ́dún yìí ó ra èèpo mìíràn, sẹ́ẹ̀lì ń sanra; ìdí nìyẹn tá a fi tún ń lọ ra òmíràn. Ọjọ́bọ̀ ni yóò sì dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti fi fọ́tò ọdún tó kọjá yangàn.

Ní Ẹgbẹ́dá, ọkọ̀ Ìgándò gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

“Ẹja ló wà nínú kúlà yẹn àbí yóògọ́ọ̀tì?” awakọ̀ béèrè.

“Oògùn jẹjẹrẹ ni yóò wọ ibẹ̀,” Adéwùmí dáhùn.

“Ẹ gbé e sílẹ̀ jàre, kò sanwó ìjókòó.”

Nígbà tá a dé Ìgándò, Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlẹ́wé ọmọ tó ń ta èèpo fún Adéwùmí, kí wa tán, ó ní: “Aláìsàn yẹn ńkọ́?”

“Kò sí aláìsàn, Mà. Inú àwo ni jẹjẹrẹ náà wà.”

Ìyá rẹ́rìn-ín títí. “Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Orúwo ti tán lọ́jọ́ yẹn, èèpo máńgòrò ni mo lọ̀ fún yín. Ká ní èèyàn ló fẹ́ mu ún ni, mi ò jẹ́ dán an wò. Àmọ́, àwo!”

“Tọdún yìí ńkọ́?”

“Orúwo gidi ni. Ẹ kí mi dáadáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá rà á.”

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, Adéwùmí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Bí a bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀?”

“Ìyá yẹn,” mo ní.

“Kò lè ka ìwé tí mo kọ.”

“Ta ló ń kà á?”

A dé Ẹgbẹ́dá. Ibẹ̀ ló ti pe ọ̀gá rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ Sà, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ti Ọjọ́bọ̀. Mi ò mọ igi tí mo dán wò.”

A délé mi lọ́sàn-án. Igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀fẹ́ ni. Adéwùmí wọ ìbọ̀wọ́, ó ń bó èèpo rẹ̀, ó sì ń fi bírò kọ orúkọ igi sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi yọjú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni ara ẹ̀ ò yá?”

Ọdún méjì, ẹ̀rọ, fàdákà, fọ́tò: ẹlẹ́wé àti ìyàwó ilé nìkan ló rántí béèrè aláìsàn.

Adéwùmí dá ọ̀bẹ dúró. “A ò tíì mọ̀ ọ́n,” ó ní, ó sì rọra ń bó o lọ.