Kóró Gúrófà Lára Ògiri

Ìyá Búrọ́ṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ ọ̀dà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní kó wá ya gúrófà sára ògiri kíláàsì àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin, inú rẹ̀ dùn. Orí igi gúrófà ló kúkú dàgbà sí.

Ó parí ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: gúrófà ńlá kan tí wọ́n là sí méjì, inú ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀gá wò ó, ó ní funfun ni inú gúrófà. Ìyá Búrọ́ṣì ṣàlàyé pé òmíràn funfun, òmíràn pupa, gúrófà náà ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá ní funfun lòun mọ̀. Ìyá Búrọ́ṣì bá kùn ún ní funfun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òbí méjì sọ pé pupa ni. Ọ̀gá ní kó dá a padà sí pupa. Ìyá Búrọ́ṣì ká ètè sínú, ó tún gun àkàbà.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá ní kóró ẹ̀ ti pọ̀ jù, kó dín in kù sí mẹ́wàá, nítorí mẹ́wàá làwọn ọmọ náà lè kà dé.

Nígbà tó délé, ó la gúrófà gidi kan, ó tú kóró ẹ̀ sórí àwo, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, bi í léèrè bóyá ara ẹ̀ yá.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ni Ìyá Búrọ́ṣì wí.

“Ọjà kọ́ lo wà. Ilé-ìwé ẹni ẹlẹ́ni lo wà.”

Kóró náà jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún. Ó pọ́n ọn sínú bébà, ó gbé e lọ bá ọ̀gá láàárọ̀. Ọ̀gá tú u wò, kò bínú rárá.

“Mọ̀mí, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ògiri ni mo ní kẹ́ ẹ kùn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó ya kóró mẹ́wàá, gbàǹgbà bí ẹyin aláǹgbá. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé gúrófà ní fítámì C ju ọsàn lọ, pé kóró ẹ̀ ṣe é gbé mì, pé èèpo ara igi ẹ̀ máa ń ṣí fúnra ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ìyẹn, torí kò sẹ́ni tó kà á.

Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n ka kóró dé mẹ́wàá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Kò lè bínú sí wọn, ohun tó tún wá dùn ún jù nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ránṣẹ́ pé kó wá ya ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí kíláàsì kejì. Ìyá Búrọ́ṣì ní ara òun ò yá. Irọ́ kọ́. Bó bá ti rántí ògiri yẹn, orí a máa fọ́ ọ.