Ọ̀sẹ̀ Ujima Kan Màmá Luvenia

Bí àwọn yòókù bá ti ha epo àbẹ́là Kwanzaa, àjọ̀dún ọlọ́jọ́ méje tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ kìíní ọdún, ó tún di ọdún mìíràn. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Luvenia Stribling ń ká apá aṣọ sókè. Ní àdúgbò wọn ní ìhà àríwá Milwaukee, òun ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìlànà méje Kwanzaa; bí méje bá pé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá pàdé rẹ nínú oòrùn July, tí òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ, yóò fi èdè Swahili bi ọ́ pé, "Habari gani?", ìyẹn ni pé kí ni ìròyìn. Kò sì ní jẹ́ kó o kọjá àfi tó o bá fi orúkọ ìlànà ọ̀sẹ̀ náà dá a lóhùn. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ti mọ méjèèje lórí. Wọ́n ní ajá ilé kejì ti mọ mẹ́ta.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, ohùn tó fi ń pa ọgọ́ta ọmọ lẹ́nu mọ́ nígbà náà ló sì fi ń darí ẹgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ Ujima, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ àjùmọ̀ṣe, wọn a kó òòlù àti ayùn lọ sílé ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá bàjẹ́. Màmá ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, òun ló sì ṣòfin pé wọn ò ní fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni àfi bí onítọ̀hún bá fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ò dá ẹgbẹ́ olófòófó sílẹ̀. Wọ́n ti kan òrùlé Bàbá Ozell Pettway, wọ́n ti tún fèrèsé Keturah káfíńtà ṣe, torí káfíńtà kì í ráyè ilé ara rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni kò wọ ìwé yẹn rí: orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó wà níwájú ilé Màmá ti jẹrà débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ bà sí i a kọ́kọ́ gbàdúrà. Nígbà tó di oṣù May, wolé-wolé kọ lẹ́tà sí i pé kó tún un ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Rochelle, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbọ́ ní Atlanta. Ó ní bí apá Màmá ò bá ká ilé mọ́, kó tà á, kó wá máa bá òun gbé. Òun ti ra bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá. Ogójì ọdún ni Màmá ti ń gbé ilé náà. Ó ní kí Rochelle fọkàn balẹ̀, pé òun ti rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Kò purọ́. Ara rẹ̀ ló ní lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé ọ̀sẹ̀ Ujima, ó ku wákàtí méjì kí ẹgbẹ́ lọ kun ọgbà opó kan ní ọ̀dà, Màmá gbé òòlù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Pákó kìíní gbọ́ràn, èkejì ń kùn. Ẹ̀kẹta là sí méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá sì wọlé dé itan, ó há síbẹ̀. Kò ké. Aládùúgbò kan kọjá, Màmá juwọ́ sí i, ó ní òun ń gbatẹ́gùn.

Ibẹ̀ ni Bàbá Ozell àti Keturah bá a, nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ síbi iṣẹ́.

"Habari gani, Màmá?" ni Bàbá Ozell kí i.

"Kujichagulia," ni Màmá fi dáhùn.

Bàbá Ozell wo Keturah. Obìnrin tó ti ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ pásítọ̀ níbi ìsìnkú, tí òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó gbọ́, ló wá ṣi ọ̀sẹ̀ pè! Kujichagulia, kí ènìyàn fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe, ti parí láti ọjọ́ Àìkú.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ, Màmá. Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń sinmi."

"Ẹsẹ̀ kan ni mò ń wò yìí. Èkejì ńkọ́?"

"Ó ń sinmi nísàlẹ̀."

Keturah sáré fẹ́ fà á yọ, Bàbá Ozell di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní Màmá ò tíì bẹ̀ wọ́n, òfin sì lòfin. Ó dojú agolo ọ̀dà kan dé, ó jókòó lé e bí adájọ́. Keturah ní kó má fi ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣeré. Bàbá Ozell ní ẹgbẹ́ òun ni Màmá, ẹsẹ̀ ọ̀hún sì ti le ju pákó lọ.

Màmá wo òpópónà. Ó wo lẹ́tà wolé-wolé tó yọ lápò rẹ̀. Ó rò ó wò pé bí òun bá wonkoko mọ́ agídí, bẹ́ẹ̀dì Atlanta lòun yóò bá a dé. Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ozell, Keturah, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ṣe. Mi ò fẹ́ kúrò níbí."

Bàbá Ozell ṣí fìlà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Láti March ni pákó yín ti wà nílé mi, Màmá," ni Keturah wí bó ṣe ń fi ayùn gba ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "A ti wọn gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu yín la ń dúró dè."

Opó náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ọgbà òun sílẹ̀ ná. Ó gbé búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀fọ́ wá. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n sì fi Màmá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n wé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó má fọwọ́ kan òòlù. Ó ní iṣẹ́ tó le jù tóun ṣe láyé òun nìyẹn. Ó rí pákó kan tó wọ́ díẹ̀, ó gbé omi sẹ́nu kó má bàa sọ̀rọ̀.

Ní Thursday, wolé-wolé dé, ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí ìwé. Nírọ̀lẹ́, Rochelle pè, ó béèrè ẹni tó tún un ṣe.

"Àwa ni," ni Màmá wí.

Rochelle wá béèrè ohun tóun máa fi bẹ́ẹ̀dì ṣe.

"Fi sílẹ̀ fún mi. Mo máa wá sùn lórí ẹ̀ ní Kérésìmesì. Àmọ́ bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, ilé ni mò ń lọ."