Ẹyin Funfun Tó Gbé Màmá Lọ sí Etí Òkun

Òórùn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní Bahra, ìlú kékeré tó wà lójú ọ̀nà láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti pọ̀ ju ilé ìgbé lọ, òórùn oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà kì í kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ó mú, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń ta èèyàn nímú bí ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná. Mo ní òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ búra. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òórùn òrí ló ṣíwájú, kí n sì ti fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì láìmọ̀. Ìwọ tí a jọ jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Mẹ́kà mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa láti yẹ ẹni tó ń sọ ìtàn wò kí a tó gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ara mi, kò dá mi lójú pé màá yege. Síbẹ̀, bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Àlàájì kan, ọmọ ilẹ̀ wa, ló ni kàràfáànì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ni ní Bahra, òun àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, sì ti sọ ilé wọn di ilé oúnjẹ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò ní ẹbí nítòsí. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń wọkọ̀ lọ bá wọn. Kàràfáànì yìí jẹ́ ilé kékeré onítáyà méjì tí ọkọ̀ ń fà, funfun ni, kò ní igun kankan tó mú, fáíbà, ìyẹn òwú díńgí tí wọ́n fi oje mú le, ni wọ́n sì fi ṣe é láti òkè délẹ̀. Àwọn kan ti kọ́kọ́ lò ó gẹ́gẹ́ bí yàrá ọlọ́dẹ, kí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù tó fọ́ èjìká rẹ̀ kan, tí wọ́n sì jù ú sójú oòrùn. Àlàájì bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, tó máa ń fi èdè Lárúbáwá dáhùn gbogbo ohun tí a bá fi Yorùbá bi í, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó wò ó títí, ó ní, "Baida." Ẹyin nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Ẹyin ni gbogbo wa ń pè é.

Bí Àlàájì ṣe ń tọ́jú Ẹyin yìí jẹ́ ohun tí mo máa ń dúró wò bí ẹni tó ń wo ẹni tó mọ ìrun kí. Oòrùn ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ fáíbà. Bí a bá pa á tì, ara rẹ̀ á máa yọ ẹfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé láti fi ìpara pa. Àlàájì á fi ọṣẹ tí kò le fọ eruku kúrò, á nù ún gbẹ, á wá máa fi ìda pa á ní yíyípo, díẹ̀díẹ̀, títí á fi máa dán. Á wo rọ́bà ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìka tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ti ń gan. Á gbé táyà lé pákó kí ilẹ̀ gbígbóná má bàa jẹ ẹ́, á sì fi aṣọ bò ó. Kò sí ẹni tó rán an. Bí ó bá rí mi tí mo dúró, á ní:

"Ùsítáásì, ṣé ìwé yín sọ bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà ha nǹkan?"

"Kò sọ ọ́, Àlàájì."

"Ó dáa. Ẹ gba èyí, kí ẹ fi ọwọ́ kà á."

Ọdún tí ìyá Àlàájà wá ṣe Úmúrà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìbàdí sì ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ti ṣe ohun tó bá wá ní Mẹ́kà tán, ó ku kó padà sílé, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò ní lè tún ìrìn náà rìn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tọrọ. Nígbà tí oyún rẹ̀ wà nínú ìyá rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti bá àwọn kan fi ẹsẹ̀ rìn kúrò nílé, tí wọ́n forí lé Mẹ́kà. Wọ́n la ilẹ̀ Haúsá já, wọ́n la Sùdáànì já, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi sọdá Òkun Pupa. Ẹnì kan tó padà dé sọ pé òun rí i nígbà tó gúnlẹ̀ sí etíkun Jẹ́dà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Màmá kò rí bàbá rẹ̀ rí. Ó ní, "Mo fẹ́ sùn létí omi yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí n jí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan."

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìbàdí Màmá kò lè gba kó sùn sórí iyanrìn lábẹ́ àgọ́, yàrá tí àwọn èèyàn ń háyà sì jìnnà sí omi. Àlàájì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. "Màmá, ẹ máa sùn níbẹ̀. Ẹyin máa gbé yín lọ."

Ẹyin ní ọgbẹ́ kan lórí nígbà náà. Ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé lókè, ìgbà òtútù tí òjò máa ń ṣèèṣì rọ̀ ní Jẹ́dà sì ti dé. A pinnu láti lẹ̀ ẹ́ kí a tó lọ. Èmi àti Àlàájì gorí àkàbà, Àlàájà ń gbé irinṣẹ́ fún wa láti ìsàlẹ̀. A fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ kí oje lè rí ibi dì mú. Ẹni tí kò bá ha fáíbà rí kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ yúnyún. Eruku rẹ̀ jẹ́ díńgí wẹ́wẹ́. Ó wọ ọrùn, ó wọ ìgbọ̀nwọ́, ó wọ àárín ìka. Màmá jókòó lábẹ́ ibòòji, ó ń wò wá.

"Ẹyin kì í là kó tún pé o," ó ní.

"Ẹyin adìẹ lẹ ń sọ, Màmá," Àlàájì dáhùn. "Tiwa yìí máa ń jinná."

Màmá rẹ́rìn-ín. Bí ó ti rí wa tí a ń họra bí ajá eléépá, ó ní kí ọmọ òun gbé igbá òrí tí òun gbé wá láti ilé jáde. Ó pè wá sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á fún wa láti ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ lára. "Kò sí ohun tó ń yún èèyàn tí òrí ò mọ̀," ó ní. Òótọ́ ni, ara tù wá. A dúpẹ́, a padà sórí àkàbà pẹ̀lú ọwọ́ tó ń dán. A ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tí a ha láti mọ̀ bóyá ó jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni a tẹ́ òwú díńgí sí i, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì da oje lé e. Nígbà tó gbẹ, ó le bí àwo. Àlàájì fi ìka kàn án, ó ró kọ̀ǹkọ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Wánétì Àlàájì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀, ló fa Ẹyin lọ. Màmá jókòó níwájú, ó di tẹ̀sùbáà rẹ̀ mú. A yà ní Sàbíìlì, àdúgbò àtijọ́ ní Jẹ́dà tí àwọn ará wa pọ̀ sí, láti ra ata gbígbẹ àti gàrí. Obìnrin tó ń ta ọjà náà yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Àlàájì, ṣé ilé lẹ ń fà kiri ni?"

"Ilé àna mi ni."

"Ẹ wá fa temi náà."

"Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní ọmọ yín fẹ́."

Màmá rẹ́rìn-ín títí a fi jáde sí gúúsù ìlú, níbi tí ilé ti tán, tí iyọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn nínú afẹ́fẹ́. Létí omi, Àlàájì jọ̀ táyà díẹ̀ kí ó má bàa rì sínú iyanrìn, ó tẹ́ pákó sábẹ́ wọn, ó sì gbé abọ́ omi sí ilẹ̀ Ẹyin láti wò ó bóyá ó tẹ́jú. Ó ń tún pákó náà ṣe títí omi inú abọ́ fi dọ́gba, kí ìbàdí Màmá má bàa rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó bá sùn. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìkùukùu ṣú lórí òkun, afẹ́fẹ́ sì dìde. A gbọ́ ìró kan lórí Ẹyin, pá, pá, pá, bí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́. Àlàájì gorí àpótí. Ohun tí a lẹ̀ ti ṣí létí kan. Ó fi ìka fà á díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja, abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń dán. Ó gbé e sí imú. Ó nà án sí mi, èmi náà gbóòórùn rẹ̀: òrí. Ọwọ́ wa tó ń dán ló ti pa ibi tí a ha lóróró, oje kò sì rí ibi kankan dì mú.

"Kí ló ṣe é, Àlàájì?" Màmá béèrè láti orí àga rẹ̀.

Àlàájà náà ti gbóòórùn rẹ̀, ó ti lanu láti sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó, Àlàájà sì pa ẹnu dé. Bí ohun kan bá wà nínú gbogbo ìtàn yìí tí mo lè búra lé, ìwò yẹn ni.

"Ọwọ́ mi ni, Màmá," Àlàájì ní. "Mi ò lẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Ọkùnrin tó ń fi ìka tẹ rọ́bà fèrèsé wò lọ́kọ̀ọ̀kan ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ iyì rẹ̀. Nílé wa, a kì í jẹ́ kí ẹ̀bi kan àna ẹni, pàápàá ẹ̀bi tó ti inú oore wá. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i tí ẹnì kan fi iyì ara rẹ̀ ṣe é rí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀. Àlàájà ní ká padà sí Bahra, kí òtútù má wọ ìyá òun láyà. Àlàájì dúró láàárín ìyàwó àti àna, ojú ń tì í. Bí a bá padà, kò sí àyè mọ́ kí Màmá tó lọ sílé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Màmá ló sọ̀rọ̀.

"Ẹni tí mo wá kí kò rí òrùlé kankan nígbà tó gúnlẹ̀ síbí. Ẹ fi aṣọ bo ihò yẹn, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sùn."

A fi aṣọ táyà bò ó, a fi òkúta mú un, a sì gbé abọ́ kan náà tí Àlàájì fi wo ìtẹ́jú ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó sùn.

Ní àárọ̀, ojú ọ̀run ti mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Màmá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n rìn dé ibi tí omi ti ń kan ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Mo retí ẹkún, tàbí àdúrà gígùn. Ó ka Fátíhà, ó wá tẹ orúnkún rẹ̀ ba díẹ̀, bó ṣe lè ṣe mọ, bí ọmọ ṣe ń kí àgbà tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá," ó ní. "Ọmọ yín ti dé."

Nígbà tí wọ́n padà, Àlàájì ti gbé sáńpépà àti oje jáde láti tún ọgbẹ́ náà lẹ̀ lójú oòrùn. Màmá ní kí wọ́n bu omi wá, kí wọ́n mú ọṣẹ. "Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín," ó ní fún un. "Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kó má ku òrí kankan níbẹ̀." Àlàájì wò ó, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù. "Ẹ dìde," Màmá ní, "ẹ ṣeun."

Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Àlàájà ní tirẹ̀ sọ pé ìyá òun kò dárúkọ òrí rárá, pé oúnjẹ àárọ̀ ló ní ká fọ ọwọ́ fún. Ohun tí èmi fúnra mi kọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà kò sọ ju pé òjò rọ̀, Màmá sì sùn dáadáa. Ó lè jẹ́ pé mo fẹ́ kí Màmá ti mọ̀ ni, kí ohun tí Àlàájì ṣe má bàa lọ láìsí ẹlẹ́rìí, tí mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. N kò lè dá ẹjọ́ náà. Ọwọ́ tí Àlàájì fọ̀ ní àárọ̀ yẹn, mo rí i, ohun tó sì fi lẹ̀ kò tíì ṣí títí dòní.

Màmá ti di olóògbé nílé, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹyin ṣì wà ní Bahra lórí pákó rẹ̀, ó ń dán, àpá kan sì wà lórí rẹ̀ tí funfun rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń yà síbi ẹ̀rọ omi kí n tó lọ fi ọwọ́ kàn án. Àlàájì máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fẹ́ ṣe tí mo fi ń fọ ọwọ́. Mo máa ń ní kò sí. Á rẹ́rìn-ín, á sì na ọṣẹ sí mi.